OSCE: kí ni akẹgbẹ́ mi rí tó fi ń bá mi wí?

Ìbéèrè: Mo wà ní ọdún kẹrin nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Kí OSCE, ìdánwò tí a ti ń ṣe iṣẹ́ dókítà lójú olùdánwò, tó dé, a máa ń pín ara wa sí mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀kan á ṣe dókítà, ọ̀kan á ṣe aláìsàn, ẹnì kẹta á jókòó, á máa wò, tí a bá sì parí, á sọ ohun tó rí. Ní báyìí wọ́n ní máàkì tí àwa fúnra wa bá fún ara wa yóò wọ inú èsì ìdánwò. Akẹgbẹ́ mi kan, tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ló wá fún mi ní máàkì tí kò tó láti fi yege. Àwọn yòókù, "ó dára" ni gbogbo tiwọn. Kí ni ẹni tí kò mọ̀ jù mí lọ fẹ́ rí lára iṣẹ́ mi tí yóò ṣe mí láǹfààní?

* * *

Àbúrò, ọ̀rọ̀ méjì lo so pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Èkíní ni kí akẹgbẹ́ ẹni wo ni, kó sọ ohun tó rí. Èkejì ni kó fún ni ní máàkì. Mo fara mọ́ èkíní tọkàntọkàn. Mi ò fara mọ́ èkejì, tí a bá sì débẹ̀, màá sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ìdí tí OSCE fi wà. Kí Ronald Harden àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Dundee, nílẹ̀ Scotland, tó gbé e jáde ní 1975, bí orí bá ṣe ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ló máa ń rí nínú ìdánwò ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ rọrùn lè bọ́ sí ọwọ́ ẹnìkan, kí èyí tó le koko bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Olùdánwò kan lawọ́, èkejì háwọ́. Harden wá pín ìdánwò náà sí ibùdó-ibùdó: gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ibùdó kan náà kọjá, iṣẹ́ kan náà, àkókò kan náà, ìwé máàkì kan náà. Nínú PLAB 2, ìdánwò tí dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun ń ṣe kó tó lè ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣẹ́jú 8 péré ni wọ́n ń fún ọ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan.

Ní 1990, George Miller to ìmọ̀ dókítà ní ìpele mẹ́rin: ó mọ̀ ọ́n, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó lè ṣe é lójú ẹni, ó ń ṣe é lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìpele kẹta ni OSCE wà. Ohun tí a ó ṣe lójú ẹni sì rèé, ojú ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìwé tí o kà lóru kò ní ojú. Olùkọ́ rẹ ní ojú, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀ láago mẹ́wàá alẹ́ tí ẹ ń dánra wò. Akẹgbẹ́ rẹ ló wà níbẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.

* * *

Mo ti ka ohun tí ẹ̀yin òǹkàwé kọ sí ìdáhùn mi. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé afọ́jú kò lè fọ̀nà han afọ́jú. Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìfúnpá tó dá ìjà yìí sílẹ̀.

Kí ni ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ lè rí láì jẹ́ pé ó gbọ́n jù ọ́ lọ? Ó lè rí i bóyá o fọ ọwọ́. Ó lè rí i bóyá aláìsàn gbé ẹ̀yìn ti àga àbí ó ká ẹsẹ̀ lé ara wọn, bóyá apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ní ìpele kan náà pẹ̀lú ọkàn àbí ó ń rọ̀ wálẹ̀. Apá tó bá rọ̀ wálẹ̀ máa ń gbé nọ́ńbà sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ó lè rí i pé o wé aṣọ ìwọ̀n, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá láti fi wọn ìfúnpá, lé orí ẹ̀wù dípò ara. Ó lè rí i pé rọ́bà inú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ kò tó nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àyíká apá. Aṣọ tó kéré jù lórí apá tó tóbi lè sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá di ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó lè rí i pé o fi stethoscope, ohun èlò tí a fi ń gbọ́ ohùn inú ara, sí apá lójú ẹsẹ̀, láì kọ́kọ́ fi ìka mọ ibi tí lílù iṣan ọrùn-ọwọ́ ti ń dákẹ́ bí o ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ìgbésẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, torí nínú àwọn aláìsàn kan, ohùn tí à ń gbọ́ máa ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ láàárín kó tó tún padà. Ẹni tí kò bá fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá ibẹ̀ á kọ nọ́ńbà tó relẹ̀ ju òtítọ́ lọ.

Èyí tó sì pọ̀ jù lọ: bí o ṣe ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kó máa sọ̀ kalẹ̀ ní mmHg (òṣùwọ̀n ìfúnpá) 2 sí 3 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwọ tí etí rẹ wà nínú iṣẹ́, o ò lè máa ka aago. Akẹgbẹ́ rẹ lè kà á. Tó bá rí i pé ọwọ́ òṣùwọ̀n kúrò ní 180, ó dé 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15, mmHg 8 lò ń jù sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ọkàn aláìsàn bá ń lù ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, mmHg 8 ti kọjá láàárín lílù kan sí èkejì. Ohùn àkọ́kọ́ tí dókítà ará Rọ́ṣíà, Korotkoff, ṣàpèjúwe ní 1905 lè ti kọjá lọ kí o tó gbọ́ ọ. Ẹni tó ń wò kò nílò ju ojú àti aago lọ kó tó rí ìyẹn.

Àmọ́ ibì kan wà tí ojú rẹ̀ kò dé: ohun tó wọ etí rẹ. Bí o bá pe 120, tó sì jẹ́ pé 140 ni, kò ní mọ̀. Fún ìyẹn, ẹ wá stethoscope ìkọ́ni, èyí tó ní orí kan àti okùn etí méjì, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbọ́ ohùn kan náà, kí kálukú kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fi wéra. Mo ti rí i tí àríyànjiyàn ọ̀sẹ̀ kan parí báyẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Torí náà, àbúrò, pé ìwọ lo kọ́ ọ kò túmọ̀ sí pé kò rí nǹkan kan. Lọ bi í pé: kí lo rí, ibo ni mo dé tí o rí i? Bó bá ní ìdáhùn, gbà á. Bí kò bá ní, máàkì tó fún ọ kò ní ìpìlẹ̀.

* * *

Àwọn tó ń ráhùn "ó dára" pọ̀ ju àwọn tó ń ráhùn ìbáwí lọ, ó sì yé mi. Ẹni tó ń wò ọ́ lónìí, ìwọ lo máa wò ó lọ́la. Ẹ jọ ń gbé, ẹ jọ ń jẹun. Ta ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ torí ìdánrawò?

Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ gba ọ̀rọ̀ ìdájọ́ kúrò lẹ́nu ẹni tó ń wò. Kó má sọ "ó dára," kó má sì sọ "kò dára." Ẹ fún un ní bébà àti aago, kó máa kọ ìṣẹ́jú àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ nígbà tí mo wà pẹ̀lú wọn, lórí ibùdó tí wọ́n ti ń bi aláìsàn nípa àyà dídùn:

"Ìṣẹ́jú 1: o kí i, o sọ orúkọ rẹ, o ò bèèrè tirẹ̀. Ìṣẹ́jú 2: ó ní àyà ń dun òun, ẹ̀rù sì ń ba òun, o bi í bóyá ó ń mu sìgá. Ìṣẹ́jú 4: o da ìbéèrè mẹ́ta pọ̀, èyí tó kẹ́yìn nìkan ló dáhùn. Ìṣẹ́jú 7: aago lò ń wò."

Ẹni tó ṣe dókítà kà á tán, ó gbójú sókè, ó ní, "Ó sọ pé ẹ̀rù ń bà á?" Kò gbọ́ ọ rárá, bẹ́ẹ̀ iwájú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sì sẹ́ni tó yìn ín. Ẹni tó kọ bébà náà, ọdún kan náà ni wọ́n jọ wà.

Ìdí wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Ní 1996, Avraham Kluger àti Angelo DeNisi kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí èsì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń sọ fún ènìyàn nípa iṣẹ́ rẹ̀, jọ, ó jẹ́ àbájáde 607. Lápapọ̀, èsì ń mú iṣẹ́ dára sí i. Ṣùgbọ́n ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tí iṣẹ́ ti burú sí i lẹ́yìn èsì. Àlàyé wọn ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń kúrò lórí iṣẹ́, tó ń lọ sórí irú ènìyàn tí oníṣẹ́ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ ń dínkù. "O ò ní sùúrù" wà lórí ènìyàn. "Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, o já a lẹ́nu ní ìṣẹ́jú kẹta" wà lórí iṣẹ́. Èyí kejì, ẹni tó gbọ́ ọ mọ ohun tó máa ṣe sí i lọ́la.

* * *

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ni bi mí ìdí tí mi ò fi mẹ́nu kan ìlànà Pendleton. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: David Pendleton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde ní 1984. Ẹni tó ṣiṣẹ́ á kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe dáadáa. Ẹni tó wò á sọ èyí tóun náà rí pé ó dára. Ẹni tó ṣiṣẹ́ á sọ ohun tó fẹ́ yí padà. Ẹni tó wò á wá fi tirẹ̀ kún un.

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún un, ó sì dára fún ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, tí ẹ̀rù ṣì ń ba kálukú. Àmọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti mọ ara wọn, kíá ló ń di ohun tí wọ́n ń kà lórí. Wọ́n á sáré ka ìyìn méjì, gbogbo etí á sì ti ṣí sílẹ̀ de "ṣùgbọ́n" tó ń bọ̀. Ìyìn yẹn ò wọlé mọ́. Èyí tí mo fẹ́ ju ìyẹn lọ ni pé kí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ sọ fún ẹni tó máa wò ó, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, pé: "Wo bí mo ṣe ń parí ọ̀rọ̀," tàbí "Wo ọwọ́ mi nígbà tí mo bá ń tẹ ikùn." Ohun kan péré. Ẹni tó ń wò á mọ ibi tí ó máa fojú sí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò sì ní rí èsì náà bí ìkọlù, torí òun ló bèèrè fún un.

Ẹ̀gbọ́n ò gbà, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀ kò lè bèèrè ohun tó yẹ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó wò fi ohun kan kún un, èyí tí wọn ò bèèrè. Ẹyọ kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gbọ́ ohun mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà ò ní tún èyíkéyìí ṣe.

* * *

Ó ti kan máàkì wàyí.

Ẹnìkan kọ̀wé pé bí kò bá sí máàkì, akẹ́kọ̀ọ́ ò ní fọwọ́ gidi mú un. Èmi rí òdìkejì. Ọjọ́ tí máàkì bá ti wọ̀ ọ́, ẹnu á dákẹ́. Ọ̀rẹ́ á gbé máàkì fún ọ̀rẹ́, ọ̀tá á gbẹ̀san, ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà á fún gbogbo ènìyàn ní iye kan náà. Bébà tó yẹ kó sọ pé "o ò bèèrè orúkọ rẹ̀" á wá di nọ́ńbà lásán, nọ́ńbà kò sì lè sọ fún ọ ohun tí o máa tún ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn: ó mọ̀ pé òun ò yege, kò mọ ohun tí akẹgbẹ́ rẹ̀ rí.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ìwé máàkì OSCE sábà máa ń ní apá méjì. Apá kan ni atòkọ ìgbésẹ̀: ó fọ ọwọ́, kò fọ ọwọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fàmì sí ìyẹn dáadáa. Apá kejì ni ìdájọ́ gbogbogbò: ṣé ẹni yìí yege kedere, ṣé ó wà lórí ààlà, ṣé kò yege? Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń fi èyí mọ ibi tí wọ́n máa gbé ìlà ìyege sí. Wọ́n á fi máàkì atòkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wé ìdájọ́ gbogbogbò tí olùdánwò fún wọn, wọ́n á sì ṣírò iye tó bá "orí ààlà" mu. Bí ìdájọ́ yẹn bá yẹ̀, ìlà ìyege gbogbo kíláàsì á yẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì rí ọ̀pọ̀ dókítà lẹ́nu iṣẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ẹni tó wà lórí ààlà?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kí a fi atòkọ nìkan ṣe é. Ní 1999, Brian Hodges àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi akẹ́kọ̀ọ́, dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ àti àwọn dókítà onírìírí sínú OSCE kan náà. Lórí ìdájọ́ gbogbogbò, àwọn onírìírí ló ṣe dáadáa jù. Lórí atòkọ, àwọn náà ló gbẹ́yìn. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ kì í bèèrè gbogbo ìbéèrè tó wà lórí atòkọ. Ó ń gba ọ̀nà tó tààrà lọ síbi àìsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ atòkọ nìkan á fìyà jẹ akẹgbẹ́ tó ti ń ronú bíi dókítà.

Máàkì tó máa sọ bóyá ènìyàn kọjá tàbí kò kọjá, ọwọ́ olùdánwò tí wọ́n kọ́ ni kó wà. Lórí èyí, mi ò ní yí padà.

* * *

Ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sórí ẹni tó ń ṣe aláìsàn, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ìwọ̀nba ènìyàn ló ń rántí ẹni tó dùbúlẹ̀.

Akẹgbẹ́ tó gbà kí ẹ yẹ ara òun wò kì í ṣe bèbí. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe, ẹ má bi í nídìí, ẹ má sì bínú sí i. Ọmú, abẹ́ àti ìdí kò sí nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń yẹ̀ wò lára akẹgbẹ́. Ère ìkọ́ni wà fún ìyẹn, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ tí wọ́n dìídì kọ́ fún iṣẹ́ náà.

Obìnrin kan nínú yín béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bí ẹnìkan bá gbọ́ ohùn tí kò yẹ ní ọkàn akẹgbẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ dá ìdánrawò dúró láì kéde ohunkóhun. Sọ fún un ní kọ̀rọ̀ pé o gbọ́ nǹkan tí kò dá ọ lójú, kó lọ rí dókítà. Má sọ orúkọ àìsàn, má pe àwọn yòókù wá gbọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ nǹkan, tirẹ̀ ni láti sọ fún ẹni tó bá wù ú.

Ẹni tó ṣe aláìsàn sì ní èsì tí ẹni tó jókòó kò lè ní. Láti 1963 tí Howard Barrows ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ènìyàn láti ṣe aláìsàn fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Los Angeles ni a ti mọ̀ pé ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn lè sọ ohun tí ojú ò rí: ọwọ́ rẹ tutù, o tẹ ibi tí mo ní ó ń dùn mí kí o tó tẹ ibòmíràn, nígbà tí o ní "ṣé ó yé ẹ?" mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò yé mi. Nínú ẹni mẹ́ta tí ẹ jẹ́, òun ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

* * *

Ẹnìkan sọ pé Amẹ́ríkà pàápàá ti pa irú ìdánwò yìí tì, kí la tún ń jà lé lórí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ̀rọ̀ rú. Step 2 CS ni wọ́n pa tì, ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tí wọ́n dá dúró ní 2020 nítorí àjàkálẹ̀ kòrónà, tí wọ́n sì kéde ní oṣù kìn-ín-ní 2021 pé kò ní padà mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti rìnrìn àjò lọ sí ìlú mélòó kan láti ṣe é, kì í sì í gba èsì tó lè lò. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ ṣì ń ṣe OSCE tiwọn. Bí ó bá kọ́ wa ní nǹkan kan, ìyẹn ni pé ìdánwò tó ń sọ "o yege" tàbí "o ò yege" lásán nira láti gbèjà.

Lórí bóyá kí ẹ fi fídíò ya ìdánrawò yín: bí ẹni tó ṣe aláìsàn bá gbà, ẹ lo fóònù. Ẹ kọ́kọ́ wò ó láìsí ohùn, kí ẹ lè rí ọwọ́ àti ojú. Kí ó má kúrò lórí fóònù ẹni tó ṣiṣẹ́, kí ẹ sì pa á rẹ́ kí ẹ tó tú ká.

* * *

Àbúrò, o tún béèrè ohun tí ẹ lè sọ fún ilé ẹ̀kọ́ yín. Ẹ má lọ sọ pé ẹ ò fẹ́ kí akẹgbẹ́ máa wò yín. Ẹ sọ pé kí wọ́n yọ máàkì akẹgbẹ́ kúrò nínú èsì, kí wọ́n sì fi bébà àkíyèsí rọ́pò rẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kó bébà tó kọ nígbà tó ń wo ẹlòmíràn wá, kí olùkọ́ ka díẹ̀ nínú wọn, kó sọ fún ẹni tó kọ ọ́ bóyá ó rí ohun tó yẹ kí ó rí. Ẹni tó ń wò náà ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, ó sì yẹ kí ẹnìkan kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wò. Bí wọ́n bá ní wákàtí kan láti fi sílẹ̀, kí wọ́n fi fídíò kan han gbogbo kíláàsì, kí kálukú kọ bébà tirẹ̀, kí ẹ sì fi wéra níwájú olùkọ́. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà, kí aṣojú kíláàsì fọwọ́ sí i, kí ẹ fi àpẹẹrẹ bébà méjì kún un.